Gíláàsì Kẹrin

Gíláàsì ọkọ̀ kì í ṣàdédé sán. Ẹni tó bá ní ó ṣàdédé sán, yálà ó ń purọ́ ni tàbí kò mọ iṣẹ́. Bí òkúta bá fò bà á lójú ọ̀nà, wàá rí ihò kékeré tí èékánná lè bọ́ sí. Bí wọ́n bá gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, ìlà yóò jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ohunkóhun tó bá fọ́ gíláàsì, ó máa ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀sọ̀ mọ èyí ju gbogbo ará òpópónà àwọn mẹkáníìkì lọ, nítorí ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń tún fèrèsé tí kò gòkè mọ́ ṣe, tó ń pààrọ̀ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tó sì ń fi gíláàsì iwájú sí i. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti sọnù tipẹ́. “Ẹ fẹ̀sọ̀” ló máa ń ké bí oníbàárà bá fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé, òun náà ni wọ́n bá sọ ọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ kẹta padà wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìlà gígùn kan ti la gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i já, Fẹ̀sọ̀ kò bá awakọ̀ jiyàn. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ihò òkúta kankan. Rọ́bà rẹ̀ dára, irin tó yí i ká tọ́. Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ti èkejì.

Awakọ̀ ní abẹ́ igi ni òun páàkì sí, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ó ní òun kàn gbọ́ “pá” ni, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Fẹ̀sọ̀ ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ ogún ọdún. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ aránṣọ ló sì ń ṣe, kì í sábà sọ̀rọ̀ láìsí abẹ́rẹ́ láàárín eyín. Ọjọ́ tí gíláàsì àkọ́kọ́ sán, ọmọ náà jí, ó ní ìlà funfun kan wà lójú òun. Ọjọ́ tí èkejì sán, ìlà náà gùn. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Fẹ̀sọ̀ bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ lórí itan, kò sì rán an.

“Bàbá, ó ti pẹ̀ka,” ló sọ. “Láti igun ìsàlẹ̀ yìí ló ti pẹ̀ka.”

Fẹ̀sọ̀ bi í léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

“Aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo gbọ́ ọ nínú orí mi. Ó dún pá.”

*

Ní òdìkejì òpópónà kan náà, ọkùnrin kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù gíláàsì tí oníbàárà kò wọ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti Fẹ̀sọ̀ ti kọ́ṣẹ́. Òun ló ṣáájú, òun ló sì kọ́ Fẹ̀sọ̀ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Nígbàkigbà tí ọ̀gá wọn bá rìnrìn àjò, òun ló máa ń pàṣẹ, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù bá ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí gọ́ọ̀mù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, kékeré náà ló ṣì wà.

Láti ìgbà tí Fẹ̀sọ̀ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tún wá ń dùn ún jù ni pé àràárọ̀ ni Fẹ̀sọ̀ ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Ká ní ó ń rí i fín ni, ìbá rọrùn láti kórìíra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló lọ bá Bàbá Fọ́tò. Ayàwòrán ni bàbá náà nígbà kan, kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń wá a báyìí kì í wá ya fọ́tò. Fọ́tò pọ̀ lára ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti yí kọjú sí ògiri, tí ẹ̀yìn wọn sì ń wo àlejò. Bàbá Fọ́tò fún un ní agolo kékeré kan tí nǹkan dúdú wà nínú rẹ̀. Ó ní kó fi ra àtàǹpàkò, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ìsàlẹ̀ gíláàsì mẹ́rin tó jẹ́ ti ọ̀tá rẹ̀, kó sì pe orúkọ ọ̀tá náà.

“Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ẹ́ láti ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ló máa rù ú,” ni bàbá náà sọ. “Bí kẹrin bá sán, ó parí nìyẹn.”

Ọ̀gá Kékeré rò pé Fẹ̀sọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò wò. Ó dúró dìgbà tí Fẹ̀sọ̀ gba ọjà irin lọ, ó sọdá, ó tẹ gíláàsì tuntun mẹ́rin tí wọ́n gbé dúró nínú férémù igi. Bó ṣe tẹ kẹrin tán, tó gbójú sókè, Abẹ́rẹ́ ló rí lẹ́yìn gíláàsì náà, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ń wò ó, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó béèrè bóyá bàbá òun ló ń wá, ó sì gbé àga fún un. Ọ̀gá Kékeré jókòó sórí àga náà.

Látìgbà náà kò sùn dáadáa. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ mú ìròyìn wálé pé ọmọ Fẹ̀sọ̀ kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ó sáré padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fọ́tò lọ́sàn-án gangan. Oòrùn mú níta, ṣùgbọ́n yàrá yẹn tutù. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́.

“Kò ṣeé pa rẹ́. Wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn ṣá. Kí onítọ̀hún jókòó sẹ́yìn gíláàsì kẹrin kó tó sán. Kí àtàǹpàkò tó tẹ̀ ẹ́ wà lórí ẹ̀. Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun gbà á.”

Ọ̀gá Kékeré bi í pé, òun ńkọ́, ṣé òun lè gbà á?

“Ọwọ́ tó fi ránṣẹ́ kọ́ ló máa gba iṣẹ́.”

Ó padà sílé, ó pa ẹnu mọ́. Ojo ni mo pè é, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọmọ ọlọ́mọ ń fọ́jú, òun jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

*

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Fẹ̀sọ̀ ló júwe Ìyá Olówùú fún un. Òwú àti bọ́tìnnì ni ìyá náà ń tà níwájú ilé, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń kọjá sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Kò bi Fẹ̀sọ̀ ní nǹkan kan. Ó gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ kíá bí ẹni pé ó gbóná.

“Ẹni tó mọ̀ ẹ́ dáadáa ni,” ló sọ. “Gbogbo gíláàsì tí ọwọ́ ẹ ti kàn, ó ti so wọ́n mọ́ ojú ọmọ ẹ.”

Fẹ̀sọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti pinnu lọ́kàn pé òun ò ní fi gíláàsì sí ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti fi sí ńkọ́? Wọ́n wà níwájú ilé ìwé, wọ́n wà lójú títì, wọ́n wà nínú oòrùn. Kò sí ọ̀nà tí èèyàn yóò fi kó iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún padà sínú ilé.

Ìyá náà gé òwú dúdú fún un, ó ta kókó méje sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kókó náà sì le. Ó ní kó fi òwú kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gíláàsì, ní igun ibi tí ó ti ń sán, ẹni tó rán iṣẹ́ ibi yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ọwọ́ Fẹ̀sọ̀ fà sẹ́yìn. Gíláàsì kì í jókòó lórí kókó. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ nìyẹn, pé bí ìyanrìn ẹyọ kan bá wà níbi ìjókòó gíláàsì, kó tú u, kó nù ún, kó tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Ó rọra béèrè bóyá òun lè so ó mọ́ ibòmíràn nínú ọkọ̀.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?” ni ìyá náà bi í.

Fẹ̀sọ̀ gba òwú náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rì kì í bi ẹni tó na igi sí i bóyá igi náà ní ẹ̀gún. Láàárín Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀, ó ń kiri ìlú pẹ̀lú ọ̀bẹ rọ́bà àti àpò òwú. Ó ń bẹ àwọn awakọ̀ pé òun fẹ́ yẹ rọ́bà wọn wò, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti ń yí. Ọkọ̀ mọ́kànlélógún ló fi òwú sí. Ìka rẹ̀ ń sọ fún un ní gbogbo ìgbà pé ohun tó ń ṣe kò dáa, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ wọlé síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kò tíì ṣú tí mẹ́ta fi sán. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mẹ́ta mìíràn. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá sán, Abẹ́rẹ́ á di orí mú nínú yàrá, á ní, “Ó tún dún.” Kó tó di ọ̀sán, ojú òsì rẹ̀ ti kú pátápátá. Nínú ojú ọ̀tún, ó ní ibi tó ṣẹ́ kù fún òun láti fi ríran kò ju ihò bọ́tìnnì lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, kò sunkún, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ.

*

Òpópónà àwọn mẹkáníìkì kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, Ọ̀gá Kékeré gbọ́ pé gíláàsì Fẹ̀sọ̀ mẹ́fà ti sán láàárín ọjọ́ méjì. Ó dìde lórí àga, ó tún jókòó, ó tún dìde. Bóyá òwú ìyá yẹn ló fà á, bóyá ọkàn rẹ̀ ló gún un, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó sọdá títì láìwo ọkọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Fẹ̀sọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Fẹ̀sọ̀ rò pé ẹnì kan ló kú nílé wọn. Ó fẹ́ gbé e dìde. Ọ̀gá Kékeré kò dìde. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́, láti orí agolo dúdú dé orí abọ́ oúnjẹ tí ọmọ náà gbé lọ́wọ́. Fẹ̀sọ̀ gbọ́ ọ tán, ó gbé òòlù. Ó gbé e sókè gan-an, ojú rẹ̀ kò sì dà bíi ti ẹni tó ń ṣeré.

“Pa mí tó o bá fẹ́,” ni Ọ̀gá Kékeré wí. “Àmọ́ mẹ́rin ni mo tẹ̀, àbúrò. Mẹ́ta ló ti sán. Mẹ́fà ti àná àti ti òní yìí, kì í ṣe èmi.”

“Ta wá ni?”

“Mi ò mọ̀. Mo fi ọmọ mi búra, kì í ṣe èmi.”

Òòlù náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́fà náà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Fẹ̀sọ̀ fa rọ́bà rẹ̀ ya, ó wo igun ìsàlẹ̀. Kókó òwú wà níbẹ̀, ó ti gíláàsì sókè kúrò ní ìjókòó rẹ̀, ibi tí kókó náà gbé ti fara kàn án gan-an ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ìbá ti mọ̀. Òun mọ̀ pẹ̀lú. Mẹ́ta ni ọ̀tá mú nínú ojú ọmọ rẹ̀, mẹ́fà ni òun bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Fẹ̀sọ̀ fi orí ti ọkọ̀ náà, ó sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀gá Kékeré ló gbá a léjìká mú. Ó ní kẹrin ṣì wà. Ó sọ ohun tí Bàbá Fọ́tò sọ nípa ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó wá béèrè ọkọ̀ tó fi gíláàsì kẹrin sí.

Fẹ̀sọ̀ kì í gbàgbé gíláàsì. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù ni, ti nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré lẹ́yìn ilé epo. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun kejì. Òun ti fi òwú sábẹ́ èyí náà lánàá.

*

Alùpùpù kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Ọ̀tá méjì jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, èkejì di ẹni iwájú mú níbàdí kó má bàa ṣubú. Aago méjì ọ̀sán ni, wákàtí tí gíláàsì kórìíra jù. Ooru ń na irin, irin ń na gíláàsì, ohun tó bá sì ti ní àárẹ̀ kì í dúró.

Wọ́n bá ọkọ̀ búlúù náà nínú oòrùn gbangba, kò sí igi, kò sí òjìji. Fẹ̀sọ̀ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé gíláàsì náà, ó sì mú un kúrò kíákíá, nítorí ó gbóná bí irin ìlọṣọ. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ìlà kan ti yọ, kò tíì ju èékánná lọ. Bó bá fa rọ́bà láti yọ òwú, yóò sán. Bó bá da omi tútù sí i, yóò sán. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sì rí èyí tó wúlò nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ gíláàsì wò. Ó ju kọ́kọ́rọ́ fún wọn, ó ní kí wọ́n yára, aboyún kan ń rọbí nínú ilé. Ó wá bojú wo igun náà.

“Ó ti ń sán nìyẹn?” ló bi wọ́n. “Ṣé kí n jókòó síwájú kí n wò ó láti inú?”

Ọ̀gá Kékeré tẹ Fẹ̀sọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Gbọ́, kò ní mọ̀. Ó kàn máa sọ pé òun gbà á ni. Ọmọ ẹ ni o.”

Mo fẹ́ sọ fún yín pé kíákíá ni Fẹ̀sọ̀ kọ̀ ọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wo obìnrin náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó máa gbẹ̀bí. Ó rò ó, ó rò ó dénú, ó sì fẹ́ ẹ. Igbe aboyún jáde láti ojú fèrèsé, ìlà orí gíláàsì sì gùn díẹ̀.

“Ẹ máa lọ, nọ́ọ̀sì,” ló sọ. “Wọ́n ń pè yín.”

Obìnrin náà wọlé. Fẹ̀sọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó rí ojú Ọ̀gá Kékeré láti ẹ̀yìn gíláàsì, òógùn àti omijé ti dàpọ̀ lójú rẹ̀.

“Àbúrò, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká ronú sí i.”

“Ẹ gbé àtàǹpàkò yín síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀gá Kékeré gbé e síbẹ̀. Àtàǹpàkò náà jó lórí ooru gíláàsì, kò sì gbé e kúrò. Fẹ̀sọ̀ la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ dáadáa. Ó wo ọ̀run, ó wo ògiri ilé ìwòsàn, ó wo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, pupa kan, funfun méjì. Ó wò wọ́n bí ẹni tó ń kó ẹrù sínú àpò.

“Mo gbà á,” ló sọ.

Ó dún pá.

*

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ilé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, nítorí Fẹ̀sọ̀ ní òun ò fẹ́ gun nǹkan kan. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti ìta. Abẹ́rẹ́ wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka gbogbo ohun tó bá rí sókè fún ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní adìyẹ kan wà lórí ògiri aládùúgbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúdú. Ó ní òun rí ojú rírán lára ẹ̀wù ìyá òun, ó wọ́, òun máa tú u. Ìyá rẹ̀ ń sunkún báyìí, kò sì fi pamọ́.

Fẹ̀sọ̀ dúró, ó tẹ́tí. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

“Bàbá!” Abẹ́rẹ́ ti rí i. “Bàbá, mo ríran! Ojú mi méjèèjì! Ẹ wò mí!”

“Mo gbọ́ ẹ, màmá mi,” ló dáhùn. “Sọ fún mi, kí lo tún rí?”

“Mo rí yín. Mo rí bọ̀dá Ọ̀gá Kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ìgbà wo lẹ̀yin méjèèjì di ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń di ara yín lọ́wọ́ mú?”

Ọ̀gá Kékeré kò lè gbójú sókè. Fẹ̀sọ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ibi tí ohùn náà ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kúrò níbẹ̀, ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìró ẹsẹ̀ ọmọ náà dúró. Ìyá rẹ̀ bi í láti ẹ̀yìn pé kí ló dé. Fẹ̀sọ̀ wá mọ̀ pé ọwọ́ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba ọwọ́ òun kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gá Kékeré, ó sì dì í mú ṣinṣin.

“Àkàsọ̀ kan wà níwájú yín, bàbá,” ni Abẹ́rẹ́ wí. “Ẹ gbé ẹsẹ̀.”